Ohun Tó Ń Bó Awọ Sítíárìn Mi

Mọ́tò tí mo kọ́kọ́ rà láyé mi, sítíárìn rẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù. Àwọn ẹlòmíì tó wá ra mọ́tò lọ́jọ́ náà ń fetí sí ẹ́ńjìnnì, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ ta táyà, wọ́n ń tẹ họ́ọ̀nù. Èmi kàn wọlé jókòó, mo gbé ọwọ́ méjèèjì lé sítíárìn, ọ̀rọ̀ sì parí. Awọ gidi ni wọ́n fi bò ó, awọ dúdú tó rọ̀, tó tutù díẹ̀, tí wọ́n rán lábẹ́ bí ẹni rán bàtà olówó. Tòkunbọ̀ ni mọ́tò náà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ro ti màlúù tó ni awọ yẹn: ibo ló ti jẹko, nínú òtútù ìlú òyìnbó wo, tí kò mọ̀ pé lọ́jọ́ kan awọ òun yóò máa ti Ìdímù lọ sí Ìkẹjà láràárọ̀. Ìyàwó mi tó dúró síta ní, “Ṣé mọ́tò lẹ fẹ́ rà ni àbí ẹ fẹ́ sùn?” Mo ní méjèèjì ni mo fẹ́ ṣe.

Ìgbà tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọwọ́ àwọn èèyàn bíi tiwa ni. A háyà ilé ní Ìdímù, ìyá mi sì ń gbé lọ́dọ̀ wa. Bàbá mi ti kú nígbà náà. Ọkọ̀ tó ń gbé e lọ sí Àkúrẹ́ ló dojú dé lọ́nà, kò sì padà wálé mọ́. Láti ìgbà náà ni ìyá mi ti ń bá títì ṣọ̀tá. Bí mo bá ní mò ń lọ sí Ẹ̀gbẹ́dá lásán, á wò mí látòkè délẹ̀ bíi pé ojú ogun ni mò ń lọ. Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó bá rí ekòló á sá. Nígbà tí mo gbé mọ́tò wọlé, tí gbogbo ará ilé ń kí mi kú oríire, òun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó yí mọ́tò náà ká, ó fọwọ́ kan iwájú rẹ̀, ó ní, “Ọkọ mi, ojú ọ̀nà ti gba ẹnì kan lọ́wọ́ mi. Kò gbọdọ̀ gba ẹnì kejì.” Mo ní kò ní gbà á, lágbára Ọlọ́run. Ó ṣe àmín, ṣùgbọ́n mo rí i lójú rẹ̀ pé àmín yẹn ò tó o.

Mo tọ́jú mọ́tò yẹn débi pé ó di ẹ̀sín ládùúgbò. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jẹ gúgúrú nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé á kọ́kọ́ gbọn ẹsẹ̀ rẹ̀ nù bíi pé mọ́sálásí ló fẹ́ wọ̀. Ìyàwó mi ní tí òun bá tún ayé wá, mọ́tò lòun máa yà, kí n lè máa fi aṣọ rírọ̀ nu òun láràárọ̀. Kò dá mi lójú pé eré ló ń ṣe.

Nítorí náà, nígbà tí awọ sítíárìn bẹ̀rẹ̀ sí í bó, tí ọdún kò tíì yí po, ó dùn mí wọra. Ó kọ́kọ́ ń lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo rò pé òógùn ni. Lẹ́yìn náà ni àtẹ́lẹwọ́ mi ń dúdú, tí mo ń fi ìka tẹ àmì sára ṣẹ́ẹ̀tì funfun láìmọ̀. Lápá òkè, níbi tí ọwọ́ máa ń sinmi lé, awọ náà wú díẹ̀, ó rọ̀ bí àtẹ́lẹsẹ̀ ẹni tó pẹ́ nínú omi, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ní wẹ́wẹ́. Gbogbo ara mọ́tò ń dán, sítíárìn nìkan ló ń darúgbó. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ wò ó, wọ́n mi orí. Wọ́n ní sítíárìn tó bá bó báyìí, mọ́tò náà ti sáré ayé rẹ̀ tán kó tó kúrò lókè òkun, pé àwọn tó tà á fún mi ti lù mí ní jìbìtì. Mo bú àwọn èèyàn yẹn láti Akówónjo dé Ìkẹjà, èmi nìkan nínú mọ́tò, gíláàsì wà ní títì.

Ọkùnrin kan wà lójú ọ̀nà Ìpájà tó ń rán awọ ìjókòó mọ́tò. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ọ̀rọ̀ sì yá a lẹ́nu ju abẹ́rẹ́ lọ. Ó fi èékánná ha awọ náà, ó ní, “Oòrùn ni, ọ̀gá. Inú oòrùn lẹ máa ń gbé e sí.”

Mo ní abẹ́ igi ni mo máa ń gbé e sí níbi iṣẹ́.

“Ẹ̀n-ẹ́n, ẹ ò rí i! Omi igi ni.”

Mo ní igi náà ò ro omi sínú mọ́tò tí mo ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Ó ronú díẹ̀, ó di ọwọ́ mi mú, ó gbóòórùn rẹ̀ láìtijú. “Ìpara tí ẹ ń pa nìyí jàre. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Ẹ lọ bi ọwọ́ yín.”

Ó rán awọ tuntun sí i lójú mi, ó ń fi abẹ́rẹ́ gígùn fa òwú bọ̀ lábẹ́, ó ń sọ̀rọ̀ lọ. Èmi sì lọ jáwọ́ nínú ìpara. Ọyẹ́ ọdún yẹn bá mi bẹ́ẹ̀, ọwọ́ mi funfun bí ọwọ́ ẹni tó ń lọ gààrí. Síbẹ̀, awọ tuntun náà ò pẹ́ kó tó tún máa lẹ̀. Ohun tó wá yà mí lẹ́nu ni òórùn kan tó ń jáde láti ara rẹ̀ bí oòrùn bá ti ń mú. Òórùn dòdò ni. Mo lè wà ní Akówónjo, kí n máa ro ti sún-kẹẹrẹ tó wà níwájú, kí itọ́ ṣàdédé kún mi lẹ́nu.

Òwúrọ̀ nínú ilé yẹn ní bó ṣe máa ń rí. Kí ilẹ̀ tó là rárá, àkókò kan máa ń wà tí oorun kì í fẹ́ fi mí sílẹ̀, tí etí mi á sì ti jí. Mo máa ń gbọ́ omi tó ń kán sínú dúrọ́ọ̀mù lẹ́yìn ilé. Mo máa ń gbọ́ tí ẹnì kan ń gbálẹ̀ lókèèrè, tí ìró ìgbálẹ̀ ń súnmọ́, tó tún ń jìnnà. Mo sì máa ń gbọ́ ilẹ̀kùn mọ́tò tó ń ṣí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ìyẹn kì í jí mi. Inú àlá mi ló máa ń bọ́ sí. Màlúù mi ni mo máa ń rí, tó rọra ń bọ̀ nínú ìkùukùu, tó ń wá awọ rẹ̀ kiri, tó wá ti orí bọ fèrèsé mọ́tò, tó ń fi ahọ́n lá sítíárìn bí wọ́n ti ń lá ọmọ tuntun. Inú mi kì í bàjẹ́ nínú àlá yẹn. Mo máa ń fẹ́ kó má tètè lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ìtọ̀ lé mi dìde bí àlá náà ti ń lọ lọ́wọ́. Mo jáde sẹ́yìn ilé. Ọyẹ́ ti bo gbogbo ọgbà, mi ò rí géètì. Iná kékeré inú mọ́tò nìkan ni mo rí, tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ nínú ìkùukùu. Ìyá mi ni mo bá ní ìjókòó awakọ̀, ó ró ìró mọ́yà, ó wé gèlè funfun tó fi ń gbàdúrà, ìgò kan wà ní itan rẹ̀. Ó da òróró sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi ń ra sítíárìn yípo, ó ń lọ, ó ń bọ̀, kò kánjú rárá, bí ẹni tó ń wẹ̀ fún ọmọ ọwọ́. Ó ń fi imú kọ orin kan. Mo dúró síbẹ̀ nínú òtútù, inú ń bí mi, mi ò sì fẹ́ kí ó dákẹ́.

Nígbà tó yá mo ní, “Màmá, kí lẹ ń ṣe níbí?”

Kò ta gìrì. “Àdúrà mi ni mò ń gbà. Kí lo fẹ́ kí n máa ṣe?”

Ó ṣàlàyé fún mi láìfi ohunkóhun pamọ́, torí lójú tirẹ̀ kò sí ohun tó pamọ́ níbẹ̀. Nínú ìjọ wọn, bí èèyàn bá ní ohun tuntun, òróró ìyàsímímọ́ ni wọ́n fi ń ta á lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀kan yẹn ò tó o. Láràárọ̀ ló ń ta tèmi. Ìgò òróró tó gbà ní ìjọ ti tán tipẹ́, ó bu òróró ẹ̀pà láti ilé ìdáná, ó gbé e lọ síwájú pẹpẹ, wọ́n sì gbàdúrà sí ìyẹn náà. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ dòdò ti yé mi.

“Kí ló wá dé tó jẹ́ sítíárìn?”

“Ìwọ náà ò mọ̀ ni? Táyà ò mọ ibi tó ń lọ. Sítíárìn ló ń sọ fún un.”

Mo rọra sọ fún un pé òróró kì í bá awọ rẹ́, pé òun ló ń jẹ́ kó wú, kó sì bó. Ó tẹ̀ síwájú, ó wò ó bíi pé kò rí i rí. “Èmi ni mò ń bà á jẹ́?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó dé ìgò náà.

“Lọ́jọ́ tí bàbá yín ń lọ, balùwẹ̀ ni mo wà,” ó ní. “Ó kan ilẹ̀kùn, ó ní òun ti ń lọ o. Ọṣẹ wà lójú mi. Mo ní ó dàbọ̀. Mi ò jáde sí i. Mi ò fọwọ́ kàn án.”

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ní òun ti gbọ́, pé òun ò ní fi òróró síbẹ̀ mọ́. Kò sì fi síbẹ̀ mọ́ lóòótọ́.

Ọkùnrin Ìpájà tún rán awọ míì, ó ní òun ti sọ fún mi pé ìpara ni. Mo gbà fún un. Awọ náà dúró dáadáa, ọyẹ́ lọ, òjò dé, kò lẹ̀, kò bó. Kò sí àlá màlúù mọ́. Ó yẹ kí inú mi dùn, ó sì dùn títí di ìrọ̀lẹ́ tí ìyàwó mi pè mí sí kọ̀rọ̀.

“Ṣé ẹ mọ̀ pé Màmá kì í jẹun mọ́, àfi tí ẹ bá dé?”

Mo ní báwo.

“Tí mo bá gbé oúnjẹ fún wọn láàárọ̀, wọ́n á ní kí n gbé e sílẹ̀ ná. Tó bá di ọ̀sán, wọ́n á ní kò tíì pa àwọn. Ẹsẹ̀ wíńdò ni wọ́n máa ń jókòó sí títí ẹ ó fi wọlé. Ẹ ṣáà wò wọ́n dáadáa.”

Mo wò ó. Egungun ọrùn rẹ̀ ti yọ lókè bùbá, bùbá náà sì ti fẹ̀ jù ú lọ, ojú mi ò sì rí i láti ọjọ́ yìí wá. Ẹ̀rù bà mí. Mo ti gbà pé ohun tí mo gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kò ju òróró ẹ̀pà lásán lọ. Lọ́jọ́ kejì, mo wa mọ́tò dé Ìkẹjà, awọ náà mọ́, ó gbẹ, ó tutù lábẹ́ ọwọ́ mi, mi ò sì gbádùn rẹ̀ rárá.

Ní òwúrọ̀ tó tẹ̀lé e, kí n tó jáde, mo kan ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀. Ó ti jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó ti múra bí ẹni tó ń retí nǹkan. Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, mo na àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sí i.

“Màmá, ẹ fi òróró yín sí mi lọ́wọ́.”

Ó wo ọwọ́ náà, ó wo ojú mi. “Awọ ńkọ́?”

“Kó máa bó. A ó tún un rán.”

Ó fa ìgò yọ lábẹ́ ìrọ̀rí. Ó da òróró lé mi lọ́wọ́, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rà á. Kò fo ìka kankan. Ó ra ààrin wọn, ó ra ẹ̀yìn èékánná, ó ra ọrùn ọwọ́ títí dé ibi tí apá ṣẹ́ẹ̀tì mi ti bẹ̀rẹ̀. Láti kékeré, mi ò rántí ẹni tó di ọwọ́ mi mú pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Omi bọ́ lójú mi, mo jẹ́ kó máa bọ́.

“Báyìí gẹ́lẹ́ ni ọwọ́ bàbá yín ṣe rí,” ó ní, kò sì fi mí sílẹ̀.

Ìyàwó mi ń pè láti pálọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́, pé ọ̀nà Ẹ̀gbẹ́dá á ti dí. Ìyá mi yíjú sí ẹnu ọ̀nà, ọwọ́ mi ṣì wà nínú tirẹ̀.

“Ìyàwó, gbé ẹ̀kọ mi wá,” ó ní. “Ebi ń pa mí.”