Ìtì Àgbọn Ẹlẹ́ni Mẹ́rin

Bí mo bá gbóòórùn òógùn tó gbẹ mọ́ igi, ó máa ń rí mi lára. Mo lè wà níwájú ṣọ́ọ̀bù káfíńtà ní àdúgbò Wàndó ní Àjàṣẹ́ kí n ṣàdédé tutọ́ sílẹ̀, kí àwọn èèyàn máa wò mí bí aláìlẹ́kọ̀ọ́. Ìtì igi àgbọn kan ló fà á. Wọ́n gé e ní etíkun Sèmè, wọ́n gbé e wá sí ibùdó tí wọ́n ti ń kọ́ àwa ọmọ ogun tuntun lẹ́yìn Àjàṣẹ́, ó sì ti pẹ́ tí àwọn tó ṣíwájú wa ti ń gbé e kiri lórí èjìká. Ó ti dúdú. Ó ń yọ̀. Òórùn rẹ̀ dà bíi ti ajá tí òjò pa. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n ní ká gbé e, mo rí irun èèyàn tó lẹ̀ mọ́ ọn, mo sì bì.

Ẹni tó ń kọ́ wa ní eré ìdárayá kò lè sáré dé ẹnu ọ̀nà ibùdó. Ṣẹ́fù là ń pè é, bí a ṣe ń pe gbogbo ẹni tó bá jù wá lọ níbẹ̀. Ikùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń jáde nílé kí òun fúnra rẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Láàárọ̀, bí a bá ń sáré lọ sọ́nà Wàndó, orí alùpùpù ló ń wà lẹ́yìn wa, á máa jẹ àkàrà, á sì fi aṣọ ẹni tó bá gbẹ̀yìn nu epo ọwọ́ rẹ̀. Òun náà ló ń sọ fún wa pé ọmọ ogun gbọ́dọ̀ mọ́ tónítóní. Àwọn obìnrin tó ń lọ sọ́jà á máa pàtẹ́wọ́ fún wa, wọ́n rò pé ohun ńlá kan ló ń kọjá lọ.

Ìwé orúkọ ni wọ́n fi ń ṣe gbogbo nǹkan ní ibùdó yẹn. Bí wọ́n ṣe to orúkọ wa sínú ìwé ní bíróò, ìyẹn ọ́fíìsì ọ̀gá ibùdó, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń tò jẹun, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń tò gba abẹ́rẹ́, bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ń gbé ìtì igi, ẹni mẹ́rin sí ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó wo ẹni tó ga àti ẹni tó kúrú. Kúkúrú ni Ọlọ́run dá mi, orúkọ mi sì bọ́ sáàárín àwọn géńdé mẹ́ta tó ga. Èmi ni ẹnì kẹta. Bí a bá gbé igi náà lé èjìká, àtẹ́lẹwọ́ máa ń wọ àlàfo tó wà láàárín igi àti èjìká tèmi. Mo kàn ń fọwọ́ dì í mú, mo ń bá wọn rìn.

Ẹni tó wà lẹ́yìn mi ní ìdí igi ni gbogbo rẹ̀ ń dà lé. Ọmọ Nàgó Àjàṣẹ́ bíi tèmi ni, ó fi ọdún mẹ́ta jù mí lọ, ẹ̀gbọ́n ni mo sì ń pè é. Iṣẹ́ bíríkìlà ló ń ṣe kó tó wá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti dá a padà sílé, ọdún yẹn nìkan ló sì kù tí ọjọ́ orí rẹ̀ ṣì gbà á láyè. Bí kò bá yege, ó parí nìyẹn. Ojoojúmọ́ ló ń sọ ọ́, bí ẹni ń gbàdúrà.

"Àbúrò," ó bi mí ní ọjọ́ kẹta, "igi yìí ò kàn ọ́, àbí?"

"Kò kàn mí, ẹ̀gbọ́n."

"Ṣé ìyá ẹ kì í pọnmi ni? Wá òṣùká sí i."

Mo ká ẹ̀wù àtijọ́ kan róbótó, mo fi sórí èjìká lábẹ́ aṣọ. Ìgbà yẹn ni igi tó jókòó lé mi. Ó dùn mí débi pé omi bọ́ lójú mi, ṣùgbọ́n mo gbọ́ tí ẹ̀gbọ́n mí kanlẹ̀ lẹ́yìn mi. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ la fi gbé e bẹ́ẹ̀, ẹrù kan náà lórí àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Nígbà tí ìdánwò ku ọjọ́ méjì, òṣùká náà yọ jáde. Ṣẹ́fù fà á yọ, ó gbé e sí imú, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

"Ìrọ̀rí! Ẹ wá wo ẹni tó gbé ìrọ̀rí wá sójú ogun!"

Mo fẹ́ ṣàlàyé fún un pé kì í ṣe torí ìrọ̀rùn, pé láìsí i, mi ò gbé nǹkan kan rárá. Gbogbo Faransé tí mo mọ̀ sá lọ. Ó fi òṣùká náà lé mi lórí, ó gbé garawa omi lé e, ó ní kí n máa yí pápá ká, kí n máa mi ìdí bí obìnrin tó ń bọ̀ lódò. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín àfi ẹ̀gbọ́n. Omi tí ìyá mi ń pọn tà ló fi tọ́ mi dàgbà, síbẹ̀ ojú ń tì mí pé mo jọ ọ́. Ìyẹn náà ń rí mi lára.

Ṣùgbọ́n kí n sọ òótọ́. Lọ́jọ́ kejì, eré sísá nìkan la sá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ṣẹ́fù kọjá lára mi, kò yẹ èjìká mi wò. Ó ti gbàgbé. Èmi ni mo di ẹ̀sín yẹn mú. Ọ̀bùn ríkú ọkọ tìrọ̀ mọ́. Mo ti mọ bí igi yẹn ṣe ń dunni, mo sì ti rí àwáwí tí mi ò fi ní gbé e mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò, ìgbà márùn-ún la gbọ́dọ̀ gbé ìtì igi yí pápá ká. Ẹni tó bá ṣubú, ilé ló ń lọ. Bí a ṣe ń tò, ẹ̀gbọ́n rọra bi mí létí.

"Àbúrò, o ti fi sí i?"

"Mo ti fi sí i, ẹ̀gbọ́n. Ẹ fọkàn balẹ̀."

Kò sí nǹkan kan lábẹ́ aṣọ mi.

A yí pápá ká lẹ́ẹ̀kan. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ̀gbọ́n ní, "Àbúrò, gbé e." Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ó ní, "Àbúrò, jọ̀ọ́." Mo ń kérora. Bẹ́ẹ̀ ni, nínú àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, èmi ni mò ń kérora jù. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, mo gbọ́ ìró kan lẹ́yìn mi bí ìgbà tí èèyàn ṣẹ́ igi ìdáná, ìdí igi sì balẹ̀. Eegun èjìká rẹ̀ ló ṣẹ́. Wọ́n fa ẹlòmíràn wá rọ́pò rẹ̀, a sì parí èyí tó kù.

Kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n kọ̀wé lé e lọ́wọ́ pé ara rẹ̀ kò bá iṣẹ́ ogun mu. Pákó àti sìmẹ́ǹtì ló padà sí, ó sì ń fi apá kan ṣe é. Èmi fi ọ̀pọ̀ ọdún wọ aṣọ ogun kí n tó bọ́ ọ sílẹ̀.

Ohun tó ń rí mi lára jù ni ìṣẹ́jú tí a sọ igi kalẹ̀. Ẹ̀gbọ́n jókòó sórí yanrìn, ó fọwọ́ kan gbá èkejì mọ́ àyà, ó ń wo èjìká mi, níbi tí aṣọ ti tẹ́ pẹrẹsẹ. Ṣẹ́fù dé, ó fọwọ́ epo rẹ̀ gbá mi lẹ́yìn, ó kọjú sí gbogbo wọn.

"Ẹ wo kékeré yìí! Kò tiẹ̀ làágùn. Ọmọ ogun nìyí!"

Mo nà ró ṣánṣán níwájú ẹ̀gbọ́n, mo gbé ọwọ́ síwájú orí, mo sì fi Faransé dúpẹ́ sókè pé: "Mẹ̀sí, ṣẹ́fù!"