Ọwọ́ Òsì Nínú Gíláàsì

Bí òjé bá ń yọ́ lẹ́nu irin gbígbóná, èéfín rẹ̀ a máa ta ni nímú. Èéfín yìí ni mo fi ṣe lọ́fínńdà nígbà tí mo ń tún rédíò ṣe ní Ìkìrun, ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira. Tẹlifíṣọ̀n ṣọ̀wọ́n lágbègbè wa nígbà náà. Ìwọ̀nba tí mo ti tú wò kò pọ̀ rárá, síbẹ̀ n kò ní rin ìgboro kọjá kí n má gbé àyà síwájú bí ẹni pé èmi ni mo dá iná mànàmáná sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, baba oníkòkó kan ránṣẹ́ pè mí sí Ìnísà. Tẹlifíṣọ̀n wọn ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n àwòrán rẹ̀ ti sún kì di ìlà funfun kan ṣoṣo tó dúró ṣánṣán láàárín gíláàsì. Ọ̀ràn náà kò ṣeé fi falẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni wọn yóò fi ọmọ wọn ọkùnrin hàn láti Ìbàdàn, níbi tí yóò ti gba ẹ̀bùn ẹ̀kọ́. Baba sì ti pe àwọn ẹbí ọmọbìnrin tí wọ́n ń fẹ́ sọ́nà fún un láti Òkukù, kí wọ́n wá wo irú ẹni tí wọ́n fẹ́ fi ọmọ fún.

Mo ṣí ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà. Wáyà méjì ló já kúrò lára kọ́ìlì tó wà lọ́rùn gíláàsì, èyí tó ń fẹ àwòrán sọ́tùn-ún àti sósì. Mo fi òjé jó wọn padà. Nígbà tí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, ìmọ́lẹ̀ kún gíláàsì láti etí dé etí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ará Ìbàdàn kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwòrán jáde.

“Ṣé a ò ní dúró kí àwòrán dé ná?” ni baba wí.

“Ẹ fọkàn balẹ̀, Baba. Iṣẹ́ ti parí,” ni mo fèsì, mo sì dé ẹ̀yìn rẹ̀ pa.

Nígbà tí àwòrán dé, àlejò ti kún pálọ̀. Òyìnbó kan na ìwé ńlá kan jáde. Ọmọ baba bọ́ síwájú, ó tẹrí ba, ó sì fi ọwọ́ òsì gbà á.



“Òsì kẹ̀!” ni ẹ̀gbọ́n baba ọmọbìnrin náà wí.

“Òsì ni òyìnbó náà fi fún un,” ni aládùúgbò kan gbèjà.

“Òyìnbó ò mọ̀ ọ́n. Ta ni ò kọ́ ọmọ Ìnísà?”

Baba kò gbójú sókè. “Kó má padà sílé mi,” ni wọ́n wí.

Ṣùgbọ́n ìyá ọmọ náà ti sún mọ́ gíláàsì. “Ọmọ ta nìyí? Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún ni iná ti jó ọmọ tèmi, ọwọ́ ara mi ni mo fi tọ́jú ẹ̀. Òsì ni àpá eléyìí wà!”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ní tèmi, ọ̀rọ̀ ìyá yìí ló jẹ́ kí n mọ àṣìṣe mi. Mo ti gbé wáyà kọ̀ọ̀kan sí ipò èkejì rẹ̀, àwòrán sì ti yí padà bí ojú inú dígí.

Mo dọ̀bálẹ̀. “Ẹ̀bi mi ni o. Mo so wáyà lódì. Gbogbo ohun tí ẹ rí lósì, ọ̀tún ni.”

“Ẹ ò rí i bí wọ́n ṣe tètè kọ́ ọ lóhun tó máa sọ,” ni ará Òkukù náà wí.

Mo tú wáyà, mo sì tún un so. Nígbà tí àwòrán tọ́, àwọn akọrin ló kù níbẹ̀. Ọmọ ti lọ jókòó.

Baba kò bú mi. Wọ́n kàn bi mí pé, “Ọwọ́ ọ̀tún ni ọmọ mi lò, àbí?”

“Ọ̀tún ni, Baba.”

“Sọ ọ́ kí wọ́n gbọ́.”

Mo kọjú sí àwọn àlejò, mo tún un sọ. “A gbọ́,” ni wọ́n fèsì.

Ìgbéyàwó náà wáyé nígbẹ̀yìn. Wọ́n pè mí, ìtìjú kò jẹ́ kí n lè lọ. Mo ti di arúgbó báyìí, ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n ló sì ti gba ọwọ́ mi kọjá, ṣùgbọ́n ojú a ṣì máa tì mí bí mo bá rántí pé ohun tí baba yẹn ti ń retí láti fi ojú ara wọn rí, ẹnu mi ni wọ́n ti gbọ́ ọ.