Abẹ́ Ewé Efinrin

Láti ìgbà tí ìyàwó káfíńtà ti kú ni efinrin tó fi sílẹ̀ lójú fèrèsé ti ń ká kò. Àràárọ̀ ni ọkọ ń fi akísà àti omi ọṣẹ nu ojú ewé títí á fi dán gbinrin. Kò bínú, kò sunkún. Ó kàn ń nù ún ni.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin wá kí i, ó yí ewé kan padà. Kòkòrò wẹ́wẹ́ bò ó pìtìmù.

"Bàbá, abẹ́ ni wọ́n ń gbé o."

"Ojú tábìlì ni káfíńtà ń mú dán. Ta ló ń dọ̀bálẹ̀ wo abẹ́ ẹ̀?"

Bàbá mú akísà, ó ń nu abẹ́ ewé lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó yá, ó ní:

"Ojú màmá ẹ náà dán gbinrin títí tó fi kú."