Ìyá Àgbà Tó Ka Ẹ̀yìn Agolo

Bí èèyàn bá dé àdúgbò Koumassi Remblais ní Abidjan tó béèrè Sẹ̀kínà, wọ́n á kọ́kọ́ bi í léèrè pé ṣé ìyá tó ń ta ike àti abọ́ lọ́jà Adjamé ni, obìnrin pẹ́ńpẹ́ tí ohùn rẹ̀ kò kéré. Ọmọ Ṣakí ni. Ọkọ ló mú un wá sí Abidjan, ọkọ náà sì ti ṣaláìsí, ó fi ọmọbìnrin kan ṣoṣo sílẹ̀ fún un, Fúnmiláyọ̀. Fúnmiláyọ̀ ló bí Mùíz. Bàbá ọmọ ń wa ọkọ̀ ẹrù lọ sí Bamako, ìgbà tó bá délé ni wọ́n ń rí i. Fúnmiláyọ̀ fúnra rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ kan ní Zone industrielle, àgbègbè iléeṣẹ́ ńláńlá ní Yopougon, ibẹ̀ jìn, àárọ̀ kùtù ló ń wọkọ̀. Nítorí náà, ọwọ́ ìyá àgbà ni Mùíz ń gbé látàárọ̀ títí dìrọ̀lẹ́. Abẹ́ agboòrùn lọ́jà ló ti kọ́ ìrìn, láàárín korobá àti abọ́.

Ọmọ náà kò tíì pé ọmọ ọdún méjì nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Aládùúgbò kan, obìnrin rere, fún un ní dèguè lá, jéró tí wọ́n pò mọ́ wàrà kíkan. Kò pẹ́ tí ètè Mùíz fi wú, nǹkan wẹ́wẹ́ sú sí i lára, èémí rẹ̀ sì ń dún bí fèrè. Sẹ̀kínà kò rántí ti gèlè tó já bọ́ lórí rẹ̀, ó gbé ọmọ kọ́ èjìká, ó di inú takisí. Ọlọ́run bá wọn ṣe é, wọ́n tètè dé ilé ìwòsàn. Nígbà tí ara ọmọ balẹ̀, tí wọ́n sì ti yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní, dókítà sọ fún wọn pé wàrà màlúù lọ̀tá rẹ̀. Kì í ṣe wàrà nìkan o, yógọ́ọ̀tì, bọ́tà, mílíìkì inú agolo, gbogbo ohun tó bá ti ara wàrà jáde.

Ọ̀rọ̀ náà dun Sẹ̀kínà ju bó ṣe dun ẹnikẹ́ni lọ. Wàrà ni ìyá rẹ̀ tà tó fi tọ́ wọn ní Ṣakí. Wàrà ni wọ́n fi ń pọ́n ọmọ lé nílé wọn. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá di ẹni tí kò gbọdọ̀ fẹnu kàn án! Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹni tí í ká ọwọ́ lérí. Ó yí gbogbo agbo ilé ká, ó sọ fún àwọn tó gbọ́ Yorùbá ní Yorùbá, ó sọ fún àwọn Júlà ní Júlà pé nɔnɔ, ìyẹn wàrà, kò gbọdọ̀ kan ẹnu ọmọ yìí. Lẹ́yìn náà ló ronú kan ohun kan: àwọn èèyàn lè gbọ́ ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n agolo àti páálí kò létí. Bí wàrà bá wà nínú wọn, ta ni yóò sọ fún òun?

Báyìí ló ṣe wọ kíláàsì ìwé kíkà fún àgbà tí wọ́n ń ṣe láràárọ̀ ọjọ́ Sunday nílé ẹ̀kọ́ kan nítòsí ilé. Tísà, ọ̀gbẹ́ni Joël, ní kí kálukú bẹ̀rẹ̀ látorí orúkọ ara rẹ̀. Sẹ̀kínà na ọwọ́ sókè.

“Tísà, orúkọ mi kò ní sá lọ. Ẹ kọ́kọ́ kọ *lait* fún mi.”

Kíláàsì rẹ́rìn-ín. Tísà kọ ọ́, wàrà lédè Faransé. Láti ọjọ́ yẹn, Sẹ̀kínà a máa wá *lait* kiri ara páálí nílé àti lọ́jà, títí ó fi ń dá a mọ̀ bí ìyá ṣe ń dá ojú ọmọ rẹ̀ mọ̀ láàárín èrò. Ó tún fi bọ́tà àti wàràkàṣì kún un, bí àwọn Faransé ṣe ń kọ wọ́n.

Nígbà tó yá, dókítà yẹ Mùíz wò, ó ní egungun ọmọ ń fẹ́ kálísíọ́mù. Ẹja wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń lọ̀ teegunteegun sínú ọbẹ̀ rẹ̀ dára, ewé tí wọ́n ń sè fún un dára, ṣùgbọ́n kò tíì tó. Ó sọ ìwọ̀n tí ọmọ nílò, ó ní kí wọ́n ra oògùn kálísíọ́mù tó ní fítámì D nínú, kí wọ́n sì ṣọ́ra, nítorí pé òmíràn nínú wọn ní wàrà.

Wọn kò tíì rà á nígbà tí Alhaji Ṣéhù gbọ́. Ẹ̀gbọ́n Sẹ̀kínà ni, oníṣòwò aṣọ ní Treichville, ẹni tí gbogbo ọmọ Ṣakí ní ìlú náà ń wárí fún. Ó dé lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ lọ́jọ́ kan tí Fúnmiláyọ̀ kò lọ síbi iṣẹ́, èrò kún àgbàlá, ó sì gbé agolo ńlá kan lọ́wọ́, àwòrán ọmọ tó na iṣan apá wà lára rẹ̀.

“Kálísíọ́mù gidi nìyí,” ó wí. “Ẹ po ṣíbí kan fún un kí n fojú ara mi rí i.”

Fúnmiláyọ̀ kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, ó dìde láti bu omi. Sẹ̀kínà gba agolo, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà. Àwọn lẹ́tà ibẹ̀ kéré bí ẹyin iná orí. Ó jáde sínú oòrùn, ó ń fi ìka tọ̀ ọ́, ètè rẹ̀ ń mì. Ìka náà dúró.

“Fúnmiláyọ̀, gbé ṣíbí yẹn sílẹ̀.”

“Kí ló dé?” Alhaji béèrè.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Wàrà wà nínú rẹ̀.”

“Ta ló sọ fún ọ?”

“Èmi ni mo kà á.”

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Alhaji kò rẹ́rìn-ín. “Sẹ̀kínà, ṣé ẹ̀bùn mi lo ń kọ̀ lójú gbogbo ayé?”

Láti kékeré, Sẹ̀kínà kò jiyàn pẹ̀lú ọkùnrin yìí rí. Ó kúnlẹ̀ sórí iyẹ̀pẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbé agolo náà sílẹ̀.

“Orúnkún mi rèé nílẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Inúure yín pọ̀, ẹ ò sì mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí èémí ọmọ yìí ń dún. Agolo yìí kò ní ṣí nílé mi. Bí ẹ bá rò pé mo ṣì í kà, ẹ jẹ́ ká jọ lọ sí famasí.”

Alhaji gbọn agbádá rẹ̀. “Ó yá, ká lọ.”

Ó ṣáájú títí wọ́n fi dé famasí. Madame Bénie tó ń bójú tó ibẹ̀ fi awò sójú, ó ka ẹ̀yìn agolo, ó sì mi orí. “Tantie, ìyá wa yìí, kà á dáadáa. Wàrà oníyẹ̀fun ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹ má fún un.” Lẹ́yìn náà ló kó oríṣi mìíràn kalẹ̀. Sẹ̀kínà fẹ́ mú oníhóró, nítorí pé nọ́ńbà iwájú rẹ̀ ló tóbi jù. Madame Bénie rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ṣàlàyé fún un pé nọ́ńbà yẹn kì í ṣe ti kálísíọ́mù gangan, àpapọ̀ oògùn ni; èyí tí ọmọ máa rí gbà wà nísàlẹ̀, ó sì kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Pẹ̀lúpẹ̀lù, hóró lè há ọmọ tó kéré báyìí lọ́fun. Sẹ̀kínà tún un kà nísàlẹ̀, ó rí i, ó sì dá hóró náà padà. Wọ́n wá jọ wo olómi kan látòkè délẹ̀: kò sí wàrà, fítámì D wà, ìwọ̀n rẹ̀ sì bá èyí tí dókítà sọ mu. Madame Bénie pe dókítà lórí fóònù kó lè dá a lójú.

“Ẹ pín in sí méjì, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́, pẹ̀lú oúnjẹ,” ó sọ. “Ẹ má fi kún un o. Bó bá pọ̀ jù, kò ní mú egungun yára le, ìgbẹ́ ọmọ ló máa le.”

Sẹ̀kínà fẹ́ tú etí ìró, Alhaji di ọwọ́ rẹ̀ mú. “Èmi ni mo ń rà á. Mi ò gba ẹ̀bùn mi padà, mo pààrọ̀ rẹ̀ ni.” Nígbà tí wọ́n jáde síta ló ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ èyí tó wà nínú rẹ̀: “Ká ní ìyá wa rí ọ lónìí, ì bá jó.”

Láti ìgbà náà, bí Alhaji bá mú bisikíìtì wá fún Mùíz, kì í fún ọmọ lọ́wọ́. Ó ń gbé e síwájú àbúrò rẹ̀ ni, á ní, “Kà á fún mi,” á sì wo àwọn tó bá jókòó yíká bí ẹni pé òun ló kọ́ ọ níwèé.

Nígbà tí wọ́n gbé Mùíz padà lọ fún àyẹ̀wò, ó sáré kọjá gbọ̀ngàn ilé ìwòsàn kí wọ́n tó pe orúkọ rẹ̀. Dókítà wọ̀n ọ́n, ó yẹ ẹsẹ̀ àti eyín rẹ̀ wò, ó ní ọmọ ń dàgbà bó ṣe yẹ. Ó wo ìgò olómi náà, ó béèrè ẹni tó yàn án.

Fúnmiláyọ̀ la ẹnu láti dáhùn.

“Èmi àti Madame famasí ni,” Sẹ̀kínà wí, ó tún gèlè rẹ̀ ṣe, ó sì na ọwọ́ sí ọmọ-ọmọ rẹ̀ pé kó wá.