Àgbàdo Pupa Ìyá Mi

Mo rántí òórùn èéfín àjà ìyá mi ní Bọ́lọ́rundúró, níbi tó máa ń so àgbàdo irúgbìn rọ̀ sí: funfun, pupa, àti èyí tó ní àmì bí ìyẹ́ awó. Tísà bàọ́lọ́jì ni mí ní Àkúrẹ́ nígbà náà, ohun tí kò bá tò kì í jẹ́ kí n sinmi. Mo lọ lo ìsinmi lọ́dọ̀ rẹ̀, mo ṣa gbogbo ṣùkù pupa kúró nítorí pé wọ́n kéré, mo dà wọ́n fún adìẹ.

"Tísà, kí ni wọ́n ṣe ọ́?"

"Màámi, ẹ jẹ́ ká gbin èyí tó dára nìkan."

Ó rẹ́rìn-ín. "Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ṣùgbọ́n ìwọ lo kàwé."

Ọdún méjì ni mo fi ṣa irúgbìn fún un bẹ́ẹ̀, kò sì sí pupa kankan lóko mọ́. Lọ́dún kẹta, òjò dáwọ́ dúró nígbà tí àgbàdo fẹ́ yọ ọmọ, gbogbo rẹ̀ sì gbẹ. Tẹ́lẹ̀, pupa kékeré wọ̀nyẹn ló máa ń tètè gbó, òun ni ìyá mi fi ń la ọ̀dá já. Lọ́dún yẹn, ẹ̀gẹ́ tí aládùúgbò bù fún un ló jẹ títí ó fi rù hangogo.

Nígbà tí ilé ìwé wọlé, mo ń kọ́ kíláàsì mi bí àbùdá, ìyẹn ohun tí ọmọ ń jogún lára òbí, ṣe ń pọ̀ sí i tàbí dín kù láti ìran dé ìran. Mo da ẹ̀wà pupa àti funfun pọ̀ sínú àpò. A ń bù ú láìwò. Ìwọ̀nba tó bá jáde ni òbí ìran tó kàn; a ń da ìyókù nù, irú wọn nìkan la sì ń fi kún àpò padà. Pupa ń dín kù títí kò fi ku ẹyọ kan. Mo ṣàlàyé pé èyí ṣẹlẹ̀ láìsí ẹni tó yàn án. Bí ẹnì kan bá ń ṣà á, yóò yá jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọmọbìnrin kan ní, "Ṣé kò lè padà mọ́ ni, sà?"

"Àfi bí ó bá ti ibòmíràn wọlé."

"Tí kò bá sí níbòmíràn ńkọ́?"

Mo ní kí wọ́n kọ àkọlé ẹ̀kọ́ tó kàn sílẹ̀.

Kòkó ló yí oko ìyá mi ká, kò sí àgbàdo ẹlòmíràn nítòsí. Mo wá irú pupa rẹ̀ dé ọjà Oǹdó, mo wá a dé oko Ìjù. Àgbàdo pupa wà, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó ń yá gbó bí tirẹ̀.

Ìyá mi kò dá oko mọ́. Ọ̀dọ̀ mi ní Àkúrẹ́ ló kú sí, kò sì bú mi rí. Nígbà ayé rẹ̀, bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, a máa bi mí pé, "Tísà, ṣé o ti rí i?" Èmi a ní, "Mo ṣì ń wá a, Màámi." Bẹ́ẹ̀, ó ti pẹ́ tí mo ti ṣíwọ́ wíwá a nígbà náà.

Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. Bí mo bá rí ọ̀dọ́ tó ń bá àgbà tún ilé tò, mo máa ń ní kó kọ́kọ́ béèrè ohun tí àgbà náà ń fi nǹkan tó fẹ́ kó dànù ṣe. Èmi kò béèrè.