Ìwé Méjì Lórí Ilẹ̀ Kan

Bí mo bá ti gbóòórùn igbó tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi àdá ṣán, Ayọ̀bọ̀ lọkàn mi máa ń lọ, nígbà tí oko ṣì pọ̀ níbẹ̀ ju ilé lọ. Pánla ni mo ń tà ní Ìkòtún nígbà náà. Mo ra ilẹ̀ síbẹ̀, mo fi ìpìlẹ̀ ilé lélẹ̀, àṣé ìdílé méjì ló ń jà sí i, ti òkè àti ti ìsàlẹ̀. Ti òkè ló tà á fún mi, wọ́n fún mi níwèé. Nígbà tí ti ìsàlẹ̀ gbé àdá dé, mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀bẹ̀, mo gbàwé tiwọn náà. Ọgbọ́n ọjà ṣá. Mo ní níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá ń bára wọn jà, wọn ò ní ráyè tèmi.

Tíṣà ará Èkìtì kan wà tí a jọ ń gbélé ní Ìdímù, ìtàn ló ń kọ́ àwọn ọmọ. Mo fi ìwé méjèèjì yangàn fún un, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ń du ilẹ̀ wa mọ́ra wọn lọ́wọ́, ọba kan tọwọ́ bọ̀wé fún àwọn méjèèjì, ó rò pé ọ̀kan á máa gba òun lọ́wọ́ ìkejì.

"Ọba yẹn mà gbọ́n o," ni mo wí.

"Ó gbọ́n, Ìyá Onípánla. Ṣùgbọ́n àwọn òyìnbó ò jà. Wọ́n jókòó sílùú wọn, wọ́n mú rúlà, wọ́n fa ìlà gba àárín oko rẹ̀ kọjá."

Mo béèrè bóyá wọ́n pe ọba náà síbẹ̀. Ó ní ta ní í pe ẹran síbi tí wọ́n ti ń pín in.

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, àmọ́ ara mi ò balẹ̀ mọ́. Mo lè máa ta pánla lọ́wọ́ kí ojú mi ti wà lọ́nà Ayọ̀bọ̀. Ọ̀sẹ̀ kì í kọjá kí n má lọ wò ó. Bí mo bá bá ìdílé méjèèjì níbi tí wọ́n ti ń bú ìyá ara wọn, inú mi a dùn, n óò padà sọ́jà, n óò jẹun yó.

Lọ́jọ́ kan mo débẹ̀, mi ò gbọ́ èébú. Olórí ìdílé méjèèjì jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan ṣoṣo, wọ́n ń pín obì jẹ. Pèrègún, igi ààlà, wà nílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, ó la ìpìlẹ̀ mi já. Pálọ̀ bọ́ sọ́dọ̀ ti òkè, ilé ìdáná sọ́dọ̀ ti ìsàlẹ̀.

"Ìyàwó wa, bá wa dúpẹ́," ni èyí tó dàgbà jù wí. "Ìjà ti parí."

"Ẹ kú oríire, bàbá. Inú ilé ìdáná mi lẹ sì ti parí ẹ̀."

Àdúgbò Egan ni mo padà kọ́lé sí, lọ́dọ̀ onílẹ̀ kan ṣoṣo. Títí dòní, bí mo bá gbọ́ pé alágbára méjì ń jà, n kì í sáré. Ọjọ́ tí wọ́n bá rẹ́rìn-ín síra wọn ni mo máa ń wo abẹ́ ẹsẹ̀ mi, bóyá wọ́n ti gbin pèrègún síbẹ̀.