Ẹni Tó Bá Mi Gbé Maṣíìnì Kejì

Tí o bá gba ẹ̀gbẹ́ mọ́ṣáláṣí wọ agbo ilé ọ̀gá mi ní Gàmbàrí, òórùn gọ́ọ̀mù ni yóò kọ́kọ́ pàdé rẹ, kí ti awọ ewúrẹ́ tó tẹ̀ lé e. Ọdún mẹ́ta àtààbọ̀ ni mo fi jókòó sórí àpótí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, tí mo ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gé awọ, bí wọ́n ṣe ń fá a kó lè fẹ́lẹ́, bí wọ́n ṣe ń rán an. Mo ti jáde ilé ìwé gíga nígbà náà o, mi ò kàn ríṣẹ́ ni. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé lẹ́yìn gbogbo ìwé tí mo kà, ọ̀dọ̀ bàbá arúgbó tó ń ṣe bàtà ni mo lọ jókòó sí. Ọ̀gá mi ní tiwọn kò bèèrè ìwé ẹ̀rí kankan. Wọ́n ní kí n na ọwọ́ mi kí àwọn wò ó, wọ́n yí i síwá sẹ́yìn, wọ́n ní, “Ó máa ṣe é.” Ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn, mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì.

Nígbà tí mo gba ìyọ̀ǹda, wọ́n fa ọ̀kan nínú maṣíìnì wọn lé mi lọ́wọ́, èyí dúdú, wíwúwo, tí wọ́n fi ń rán bàtà àti báàgì tó nípọn. Òun ni mo gbé lọ sí Tanke, nítòsí yunifásítì, tí mo fi ṣí ṣọ́ọ̀bù. Iṣẹ́ ń wọlé, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n pọ́ọ̀sì pẹlẹbẹ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń fẹ́, àpò fóònù ni wọ́n ń bèèrè, àwọn ìyá sì ń wá ṣe èpo awọ tí wọ́n fi ń bo Àlùkùránì fún ọmọ wọn tó parí kéwú, tó fẹ́ ṣe wọ́límọ̀. Awọ tó fẹ́lẹ́ la fi ń ṣe gbogbo ìwọ̀nyí, abẹ́rẹ́ maṣíìnì mi sì ti tóbi jù fún un. Aṣọ ni èèyàn lè tú kó tún un rán. Ní ti awọ, tí abẹ́rẹ́ bá ti lu ú, ihò náà ò ní dí mọ́ láéláé. Ó wá di dandan kí n wá maṣíìnì kejì, èyí tí ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́.

Lọ́dọ̀ tiwa níbi iṣẹ́ awọ, èèyàn kì í dá lọ ra maṣíìnì. Ọ̀gá rẹ ló ń bá ọ lọ, òun ló máa yàn án fún ọ, òun náà ló sì máa fi bísímílà kọ́kọ́ rán nǹkan lórí rẹ̀ kí o tó jókòó tì í. Bí mo ṣe pe ọ̀gá mi lórí fóònù, wọn ò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. “Ọjọ́ wo la ń lọ?” Lọ́jọ́ náà, wọ́n wọ jàlàbíyà funfun tí wọ́n lọ̀ dáadáa, wọ́n dé fìlà ọjọ́ Jímọ̀, wọ́n ká awọ ewúrẹ́ kékeré kan sínú pépà, wọ́n tì í bọ àpò. O ò rí bí inú wọn ṣe dùn.

Ohun kan wà tí mi ò tíì sọ fún ọ. Lórí fóònù, níbi tí mo ti ń polówó ọjà mi, mo ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò sẹ́ni tó kọ́ mi níṣẹ́ yìí, pé fúnra mi ni mo dá kọ́ ọ. Má bi mí pé kí ló dé. Ohun tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń kọ nìyẹn, àwọn èèyàn sì ń yìn wọ́n sí i. Mo kọ tèmi, ìyìn dé, mo gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Wàláhì, mi ò rò ó pé irọ́ yẹn máa bá mi dé ibì kankan.

Ṣọ́ọ̀bù tí a lọ wà ní Challenge, ó tóbi, ó tutù nini nítorí ẹ̀rọ amúlétutù, táìlì ilẹ̀ rẹ̀ sì ń dán bíi pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ da omi sí i. Bí a ṣe dé ẹnu ọ̀nà, ọ̀gá mi bọ́ sálúbàtà wọn sílẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ wọ mọ́ṣáláṣí. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n bọ́ ọ. Wọ́n rí i pé ibẹ̀ mọ́ ni. Gìgísẹ̀ wọn ti sán, gọ́ọ̀mù ti dúdú sínú rẹ̀, wọ́n sì ń fi í rìn lórí táìlì funfun yẹn wọ́ọ́rọ́wọ́. Àwọn oníbàárà méjì tó wà níbẹ̀ wojú ara wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ara mi bù máṣọ. Mo rọra sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ wo nǹkan níbòmíràn.

Maṣíìnì méjì ló wà níbẹ̀ tí agbára wọn mọ níwọ̀n. Ọ̀kan jẹ́ tòkunbọ̀, ọ̀dà ti ń bó lára rẹ̀, kò wuni. Èkejì jẹ́ tuntun, funfun báláú, iná kékeré ń tàn lórí abẹ́rẹ́ rẹ̀. Ojú mi ti wà lára èyí funfun. Ọ̀gá mi lọ bá òun náà, wọ́n fa òwú ara rẹ̀ yọ, wọ́n ki awọ tí wọ́n mú wá bọ abẹ́ abẹ́rẹ́, wọ́n wá ń fi ọwọ́ yí wíìlì rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n yí awọ náà dà, wọ́n gbé e súnmọ́ ojú, wọ́n ń fi àtàǹpàkò pa abẹ́ rẹ̀. Ọkùnrin tó ń ta maṣíìnì rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, “Bàbá, aṣọ la fi ń dán an wò níbí o.” Ọ̀gá mi yíjú sí mi, wọ́n la ẹnu láti sọ nǹkan.

Àkókò yẹn gan-an ni ọkùnrin náà tẹjú mọ́ mi. “Mádáàmù, ṣé ẹ̀yin kọ́ ni mo ń rí lórí fóònù? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dá kọ́ ara yín níṣẹ́ awọ?” Mo ní èmi ni. Ó pàtẹ́wọ́, ó ní mo káre. Ó wá yíjú sí ọ̀gá mi. “Bàbá yìí ńkọ́? Ta ni wọ́n jẹ́ sí yín?”

Ọ̀rẹ́ mi, ẹnu mi ni mo fi sọ ọ́. Kò sẹ́ni tó fọ̀bẹ sí mi lọ́rùn. Mo ní, “Rárá o, alábàárù ni wọ́n. Wọ́n kàn fẹ́ bá mi gbé ẹrù ni.”

Mi ò lè wojú wọn, ṣùgbọ́n mo rí ọwọ́ wọn. Ọwọ́ náà dúró lórí wíìlì fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n yọ awọ wọn kúrò, wọ́n ká a padà sínú pépà, wọ́n tì í bọ àpò. Ọkùnrin náà ní, “Bàbá, ẹ dúró síta, a máa pè yín tá a bá fẹ́ gbé e.” Wọ́n ní, “Ó dáa.” Wọ́n jáde, wọ́n wọ sálúbàtà wọn, wọ́n dúró sínú oòrùn. Mo ra èyí funfun. Mo fẹ́ kó tètè parí ká kúrò níbẹ̀ ni.

Nígbà tí ọkùnrin náà pe ọ̀gá mi, wọ́n wọlé, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé páálí maṣíìnì náà lé èjìká, pẹ̀lú jàlàbíyà funfun yẹn. Bí a ṣe bọ́ síta, mo sáré tẹ̀ lé wọn, mo ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká jọ gbé e.” Wọn ò wẹ̀yìn. Wọ́n ní, “Fi mí sílẹ̀. Wọ́n ń wò wá.” Họ́wù! Irọ́ tí mo pa mọ́ wọn ni wọ́n ń bá mi bò láṣìírí. Wọ́n gbé e dé ibi tí kẹ̀kẹ́ wà, a jọ jókòó sẹ́yìn rẹ̀ dé Tanke. Ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n gbé e sórí tábìlì fún mi. Mo ní kí wọ́n jókòó kí wọ́n fi bísímílà rán an. Wọ́n mi orí. “Ìwọ ni kó o rán an. Kí Ọlọ́run fi àlùbáríkà sí i.” Àdúà yẹn dùn mí ju bí wọ́n bá gbá mi létí lọ.

Kò pẹ́ tí obìnrin kan fi gbé iṣẹ́ èpo Àlùkùránì wá, fún wọ́límọ̀ ọmọ rẹ̀. Mo gbé awọ tó rẹwà jù lọ sórí maṣíìnì tuntun. Òkè rẹ̀ dáa. Nígbà tí mo yí i dà, eyín irin tó máa ń fa nǹkan lọ lábẹ́ abẹ́rẹ́ ti bu awọ náà jẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, bí ibi tí eku jẹ. Mo gé òmíràn, ó tún rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ wọ́límọ̀ ń súnmọ́, awọ ń tán lọ. Mo mọ ẹni tó yẹ kí n bá, ojú ló ń tì mí. Nígbà tó yá, mo di awọ tó bàjẹ́ náà, mo gba Gàmbàrí lọ.

Ọ̀gá mi yí awọ náà dà, wọ́n fi àtàǹpàkò pa abẹ́ rẹ̀, bí wọ́n ṣe ṣe lọ́jọ́sí. “Mo rí i lọ́jọ́ náà. Eyín rẹ̀ ti mú jù.” Mo ní, “Ọ̀gá, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?” Wọ́n wò mí. Kì í ṣe ojú ìbínú o, ojú tí wọ́n fi ń bi oníbàárà pé bàtà nọ́ńbà mélòó ló ń wọ̀ ni. “Ta ló máa gbọ́ ọ lẹ́nu alábàárù?”

Mo kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ yẹn, mo sunkún bí ọmọdé. Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún wọn, títí kan ohun tí mo kọ sórí fóònù. Wọ́n ní kí n dìde, pé ó ti tán, kí n lọ tú eyín maṣíìnì náà wá. Ìdajì ọjọ́ kan ni wọ́n fi ń fi fáìlì irin rẹ́ ẹ, tí wọ́n ń fi sáńpépà ha á, títí ó fi kúnná. Awọ kankan kò bàjẹ́ lábẹ́ rẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà. Ọmọ yẹn gbé Àlùkùránì rẹ̀ lọ síbi wọ́límọ̀ nínú èpo tó dán. Ṣùgbọ́n ọ̀gá mi ò tẹ ṣọ́ọ̀bù mi mọ́. Tí mo bá ní kí wọ́n wá, wọ́n á ní orúnkún ń dùn wọ́n. Ẹsẹ̀ náà sì ni wọ́n fi ń rìn lọ sí Jímọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Mo ti pa ohun tí mo kọ sórí fóònù rẹ́, mo kọ orúkọ wọn síbẹ̀ gàdàgbà. Àwọn èèyàn tún yìn mí fún ìyẹn náà, wọ́n ní mo mọ oore. Ìyìn yẹn kò dùn lẹ́nu mi rárá. Ni mo bá padà sí Challenge lọ́jọ́ kan, mo dúró níwájú ọkùnrin tó ń ta maṣíìnì. Mo ní, “Bàbá tí mo mú wá lọ́jọ́ yẹn, irọ́ ni mo pa fún yín. Ọ̀gá mi ni wọ́n. Àwọn ló kọ́ mi níṣẹ́.”

Ó ní, “Bàbá wo?”

Mo ní èyí tó bọ́ sálúbàtà lẹ́nu ọ̀nà, tó fi awọ dán maṣíìnì wò, tó gbé páálí jáde. Ó họrí, ó ronú dáadáa, mo rí i pé kò fi mí ṣeré. Ó ní, “Mádáàmù, ẹ má bínú. Ẹ̀yin ni mo rántí. Ṣebí ẹ̀yin nìkan lẹ wá?”

Mi ò mọ bí mo ṣe dé ìdí kẹ̀kẹ́ lọ́jọ́ náà. Látìgbà yẹn ni mo ti mọ̀ pé ojú ẹni tí kò tilẹ̀ rí ọ̀gá mi ni mo wò, tí mo fi sẹ́ wọn.